Wàrà Ìyá, Ewé Ìbátan Tábà àti Ọmọ tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ibi tí ẹ̀ka ìmọ̀ méjì tí ó jìnnà síra ti pàdé: ìmọ̀ nípa oúnjẹ ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, àti ìmọ̀ nípa bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ewéko. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni àwọn ṣúgà kan nínú wàrà ìyá, tí kì í dà nínú ọmọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ oúnjẹ fún bakitéríà tí ń dáàbò bo ìfun rẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ní California fi hàn pé a lè mú kí ewé ṣe díẹ̀ nínú àwọn ṣúgà náà. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ohun tí àwárí yìí yóò túmọ̀ sí fún ìyá tí ń sọ Yorùbá wà lọ́wọ́ bí a bá ṣe sọ ọ́, nítorí pé gbólóhùn kan tí a kò fara balẹ̀ gbé kalẹ̀ lè mú kí àgbo gba ipò ọmú lẹ́nu ọmọ tí kò lágbára.

Ìfáàrà

Yorùbá ka iye àkókò tí ọmọ lò nínú oyún sí ohun tí ó yẹ láti sàmì sí. Ọmọ́pẹ́ wà lára orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tí ó lò ju iye oṣù tí ó yẹ lọ ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ọmọ tí ó tètè dé, ẹ̀wẹ̀, gbólóhùn ni a sábà fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀: oṣù rẹ̀ kò pé. Gbólóhùn yìí bá ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ń sọ mu. Kì í ṣe pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kéré nìkan. Àkókò ni ó dín. Iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ, awọ ara àti ìfun rẹ̀ ì bá parí ní ìkọ̀kọ̀ inú ìyá ni wọ́n wá ń ṣe ní gbangba. Nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ àìpóṣù ni a ó fi máa tọ́ka sí i ní kúkúrú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọmọ tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 37 oyún tó pé sí ọmọ àìpóṣù. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni àjọ náà pín wọn sí: àwọn tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 28 tó pé, àwọn tí a bí láàárín ọ̀sẹ̀ 28 àti 32, àti àwọn tí a bí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 32 ṣùgbọ́n kí 37 tó pé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 13.4 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a bí káàkiri àgbáyé ní ọdún 2020. Ní ọdún 2019, ìṣòro tí ó ti inú àìpé oṣù jáde pa nǹkan bí 900,000 ọmọ.

Ìbéèrè tí ó dojú kọ ìyá àti nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ọmọ yìí yóò jẹ? Ìdáhùn tí ìwádìí ti fi bí ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó jọ rọrùn láti sọ, ìdí rẹ̀ ni ó jinlẹ̀.

Ìfun tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó

Nígbà tí ọmọ wà nínú ilé ọmọ, ibi ọmọ àti okùn ìwọ́ ni ó ń gbé oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í gba oúnjẹ; omira, ìyẹn omi tí ó yí i ká, ni ó ń gbé mì, ìgbémì yìí sì wà lára ohun tí ń mú ìfun rẹ̀ gbó. Oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn oyún ni ọmọ máa ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rá, èròjà irin àti kálísíọ̀mù tí yóò bá a wá sáyé. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 28 kò dúró gba ẹrù yìí. Ó dé pẹ̀lú àpò òfìfo, ó sì ní láti dàgbà kíákíá.

Ìṣòro kìíní ni ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà wọlé. Kí ọmọ tó lè mu ọmú, ó gbọ́dọ̀ lè fa wàrà, kí ó gbé e mì, kí ó sì máa mí, láìjẹ́ pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32 sí 34 ni agbára yìí sábà máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gba imú tàbí ẹnu fi dé inú rẹ̀ ni a fi ń fún un ní wàrà, díẹ̀díẹ̀. Fún àwọn tí wọ́n kéré jù, omi tí ó ní èròjà oúnjẹ nínú ni a ó kọ́kọ́ máa fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn títí ìfun yóò fi lè dá iṣẹ́ ṣe.

Ìṣòro kejì ni ìfun fúnra rẹ̀. Ara ìfun, tí ó jẹ́ odi láàárín oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀, ṣì fẹ́lẹ́. Omi yíyọ̀ tí ó yẹ kí ó bò ó kò tíì nípọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara kò tíì kọ́ bí a ti ń fi àlejò rere mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tá, wọ́n a sì máa jà ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú ipò yìí ni àrùn kan ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní NEC. Ní Yorùbá, a lè pè é ní àrùn ikú-ìfun, nítorí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: apá kan ara ìfun á wú, á bàjẹ́, á sì kú. Inú ọmọ á le, á sì ga. Ẹ̀jẹ̀ lè bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Nígbà mìíràn ìfun á lu, ohun inú rẹ̀ á sì dà sínú ikùn. Bí ó bá dé ibẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gé apá tí ó ti kú kúrò. Ọmọ tí ó bá là á já lè máa gbé pẹ̀lú ìfun tí kò gùn tó láti gba oúnjẹ tí ara rẹ̀ ń fẹ́.

Ní ọdún 1990, Alan Lucas àti T. J. Cole tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú The Lancet. Ọmọ àìpóṣù 926 ni wọ́n tọpa ní ilé ìwòsàn mélòó kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn ikú-ìfun mú 51 nínú wọn, ìyẹn ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tí ó jẹ́ pé wàrà agolo nìkan ni wọ́n mu, àrùn náà wọ́pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá ju bí ó ti rí láàárín àwọn tí wọ́n mu wàrà ọmú nìkan lọ. Bí a bá sì fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n mu wàrà agolo pọ̀ mọ́ wàrà ọmú, ó wọ́pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Èyí fi hàn pé wàrà ọmú tí a lú pọ̀ mọ́ ti agolo pàápàá ṣe àǹfààní; ọmọ tí kò rí i rárá ni ewu náà pọ̀ sí lórí jù.

Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e mú kókó mìíràn jáde. Nígbà tí wàrà ìyá ọmọ gan-an kò bá sí, a lè fún ọmọ ní wàrà tí ìyá mìíràn fi tọrẹ, tí a ti yẹ̀ wò tí a sì ti fi iná pa àrùn inú rẹ̀, tàbí kí a fún un ní wàrà agolo. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane yẹ̀ wò fi hàn pé ọmọ tí ó mu wàrà agolo máa ń yára tóbi ju èyí tí ó mu wàrà ìtọrẹ lọ, ṣùgbọ́n ewu àrùn ikú-ìfun tí ó dojú kọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ìwọ̀n ara nìkan kò tó láti fi mọ oúnjẹ tí ó dára. Ohun kan wà nínú wàrà ènìyàn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsanra.

Ṣúgà tí kì í dà nínú ọmọ

Bí a bá yọ omi kúrò nínú wàrà ìyá, ohun tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó kù ni lactose, ìyẹn ṣúgà tí ń mú wàrà dùn. Ọ̀rá ni ó tẹ̀ lé e. Ohun kẹta, tí ó sábà máa ń pọ̀ tó prótéìnì tàbí jù ú lọ, ni ọ̀wọ́ àwọn ṣúgà kan tí a lè pè ní ṣúgà alásopọ̀. Lítà kan wàrà àkọ́sẹ̀, tí ń jáde ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ní nǹkan bí gíráàmù 20 sí 25 nínú wọn. Wàrà tí ó ti gbó ní nǹkan bí 5 sí 15. Èyí tí ó wà nínú wàrà màlúù, tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ wàrà agolo, kò tó nǹkan.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni a lè fi ṣàlàyé bí a ti ṣe sín wọn. Oríṣi ẹyọ márùn-ún ni ó wà: glucose, galactose, fucose, N-acetylglucosamine àti sialic acid. Ẹyọ méjì, glucose àti galactose, ni ó para pọ̀ di lactose, orí lactose yìí sì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ẹyọ yòókù mọ́ ara wọn. Òmíràn jẹ́ ẹyọ mẹ́ta péré. Òmíràn gùn, ó sì ya ẹ̀ka. Nǹkan bí 200 oríṣi ni a ti mọ̀.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ọmọ kò ní ohun tí yóò fi tú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n gba inú rẹ̀ kọjá láìdà títí wọ́n fi dé ìfun ńlá. Ara ìyá, nígbà náà, ń ná agbára lórí ohun tí ọmọ rẹ̀ kò lè jẹ. Ìdí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ìgbà pípẹ́ wá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Henri Tissier, tí ó ṣiṣẹ́ ní Pasteur Institute ní Paris, rí bakitéríà kan nínú ìgbẹ́ ọmọ tí ń mu ọmú, tí ó pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìran bakitéríà náà ni a mọ̀ sí Bifidobacterium lónìí. Ní àwọn ọdún 1950, Paul György ní Amẹ́ríkà àti Richard Kuhn ní Jámánì fi hàn pé ohun tí ń mú irú bakitéríà yìí gbèrú wà nínú wàrà ènìyàn, àti pé ṣúgà alásopọ̀ ni. Ní ọdún 2008, a ka gbogbo jíìnì ọ̀kan nínú wọn, Bifidobacterium infantis, a sì rí i pé ó ní odidi ọ̀wọ́ jíìnì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé àwọn ṣúgà yìí wọlé àti láti tú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ìdáhùn náà nìyẹn. Ẹni méjì ni ìyá ń bọ́ nígbà tí ó bá fún ọmọ lọ́mú: ọmọ rẹ̀, àti bakitéríà tí yóò máa ṣọ́ ọmọ náà. Bí B. infantis bá jẹ ṣúgà yìí tán, ó ń mú omi kíkan jáde tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bakitéríà búburú ráyè gbilẹ̀, ó sì ń gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ṣúgà náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan nínú wọn jọ ohun tí ó wà lára ìfun tí àwọn kòkòrò àrùn fi ń di ara mú. Kòkòrò náà á di ṣúgà mú dípò ara ìfun, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, ààbò ni èyí. Fún ọmọ tí odi ìfun rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ìyè àti ikú.

Ewé tí ó kù kan

Àwọn babaláwo àti oníṣègùn máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Òye tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àpapọ̀ ni agbára, àti pé bí ẹyọ kan ṣoṣo bá sọnù, gbogbo rẹ̀ lè kùnà. Ìwádìí nípa wàrà ti bọ́ sójú ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ tí Lars Bode ṣáájú ní California ń wá èyí tí ó ń dènà àrùn ikú-ìfun lára ọmọ eku láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣúgà alásopọ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n bá níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú ń jẹ́ DSLNT. Nígbà tí wọ́n padà wo wàrà tí àwọn ọmọ àìpóṣù tí wọ́n kéré gan-an ti mu, nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 lórí 200 ìyá, wọ́n rí i pé DSLNT dín nínú wàrà tí àwọn ọmọ tí àrùn náà mú ti mu. Ìwádìí mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2021 tún fìdí èyí múlẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá ni pé ewé kan kù nínú wàrà rẹ̀. Jíìnì ni ó ń pàṣẹ. Jíìnì jẹ́ ìlànà iṣẹ́ tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ń ka ìlànà náà, ó sì ń fi ṣe prótéìnì. Àwọn prótéìnì kan jẹ́ òṣìṣẹ́ tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ iṣẹ́ kan péré ṣe: èyí ń so fucose mọ́ galactose, èyí ń so sialic acid mọ́ ìdí okùn. Nínú ọ̀pọ̀ àwùjọ, nǹkan bí obìnrin kan nínú márùn-ún ni jíìnì FUT2 rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, tí ṣúgà tí a ń pè ní 2'-FL, tí ó pọ̀ nínú wàrà àwọn yòókù, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú tirẹ̀. Láti ibi òye yìí ni ìbéèrè tuntun ti jáde: bí ó bá jẹ́ pé ìlànà àti òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe ṣúgà yìí, ṣé inú ọmú nìkan ni iṣẹ́ náà ti lè ṣeé ṣe?

Bí ewé ṣe kọ́ iṣẹ́ ọmú

Bakitéríà ni a kọ́kọ́ kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ fi jíìnì tí ó yẹ sínú E. coli, wọ́n ń bọ́ ọ nínú àgbá ńlá, wọ́n sì ń yọ 2'-FL lára rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2016 ni ó ti wà nínú àwọn wàrà agolo kan. Ṣùgbọ́n àwọn okùn kúkúrú ni ọ̀nà yìí dára fún jù. Èyí tí ó gùn tí ó sì ya ẹ̀ka ń fún un ní wàhálà, owó rẹ̀ sì ń ga.

Ewéko, ní tirẹ̀, àgbà ni nínú iṣẹ́ ṣúgà. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ṣúgà lójoojúmọ́, ó sì ń fi ẹyọ ṣúgà kọ́ ara rẹ̀, láti orí igi dé orí irun òwú. Púpọ̀ nínú àwọn ẹyọ tí wàrà ń lò ni ó ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí kan glucose, galactose àti fucose. Ohun tí kò ní ni àwọn ẹ́ńsáìmù tí yóò sín wọn gẹ́gẹ́ bí ti wàrà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley àti Davis, tí Collin Barnum àti Patrick Shih wà lára wọn, ni wọ́n gbé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí wọ inú ewé.

Irúgbìn tí wọ́n lò ni Nicotiana benthamiana, ìbátan tábà tí orísun rẹ̀ jẹ́ Australia. Ewé rẹ̀ máa ń gba jíìnì àjèjì láìjanpata, nítorí èyí ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn onímọ̀; inú irú ewé yìí ni a ti ṣe ZMapp, oògùn tí a fi tọ́jú àwọn alárùn Ẹbólà díẹ̀ ní ọdún 2014. Ọkọ̀ tí ń gbé jíìnì wọlé ni bakitéríà inú ilẹ̀ kan, Agrobacterium. Nínú ìgbé ayé rẹ̀, bakitéríà yìí máa ń fi díẹ̀ nínú DNA tirẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì igi, tí igi á fi yọ kókó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti mọ bí a ti ń yọ jíìnì tí ń fa kókó náà kúrò, tí a sì ń fi èyí tí a fẹ́ sí ipò rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹrù ni ó yàtọ̀.

Àbájáde iṣẹ́ Berkeley àti Davis jáde nínú Nature Food ní ọdún 2024. Oríṣi ṣúgà alásopọ̀ 11 tí a mọ̀ nínú wàrà ènìyàn ni ewé náà ṣe, láti inú gbogbo ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a pín wọn sí. Ọ̀kan nínú wọn ni LNFP1, tí ó ní ẹyọ márùn-ún. Nígbà tí a gbé ṣúgà tí a yọ láti inú ewé fún Bifidobacterium nínú ilé àyẹ̀wò, bakitéríà náà gbèrú. Ìṣirò ìnáwó tí wọ́n ṣe sì tọ́ka sí i pé, fún àwọn ṣúgà kan, ọ̀nà ewé lè dínwó ju ọ̀nà àgbá lọ.

Ibi tí agbára ewé mọ

Ó yẹ kí a mọ ibi tí àwárí yìí dúró. Ó fi hàn pé ewé lè ṣe ṣúgà náà. Kì í ṣe lára ọmọ àìpóṣù ni a ti dán an wò. Oríṣi 11 nínú nǹkan bí 200 kò sì tíì kó àpapọ̀ jọ. Pẹ̀lú èyí, ṣúgà nìkan kọ́ ni wàrà. Àwọn èròjà ajẹ́ààbò-ara tí ìyá fi ohun tí ara rẹ̀ ti bá jà rí ṣe, sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, lactoferrin àti àwọn mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ewé yìí kò ṣe. Wàrà ìyá fúnra rẹ̀ pàápàá kì í tó fún ọmọ tí ó kéré gan-an: prótéìnì, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni a máa ń fi kún un ní ilé ìwòsàn kí eegun rẹ̀ lè le. Ipò tí ṣúgà inú ewé lè dé lọ́jọ́ iwájú ni ipò àfikún: ohun tí a fi kún wàrà tí ewé rẹ̀ kù kan.

Àwọn kan lè bèèrè ìdí tí a kò fi kúkú fún ọmọ ní bakitéríà rere náà ní tààrà. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn kan, ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí tí a bá fi sínú ìfun tí odi rẹ̀ fẹ́lẹ́ lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2023, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ewu yìí lẹ́yìn tí ọmọ àìpóṣù kan tí a fún ní irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ kú. Ṣúgà kò ní ẹ̀mí, kò sì lè gbèrú nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ fọkàn sí i.

Ní báyìí ná, ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là kò jìnnà. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí lórí gbígbé ọmọ sí àyà ìyá láti ìgbà tí a bá ti bí i. Àwọn yòókù wà ní Ghana, Íńdíà, Màláwì àti Tanzania. Ọmọ 3,211 tí ìwọ̀n wọn kò tó kílógíráàmù 1.8 ni ó kópa. Nínú àwọn tí a gbé sí àyà lójú ẹsẹ̀, ìdá 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí a kọ́kọ́ fi sínú ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, ìdá 15.7 ni. Àbájáde náà jáde ní ọdún 2021. Ìyá Yorùbá mọ ọmọ pọ̀n sẹ́yìn. Ohun tí ìwádìí yìí ń sọ ni pé ẹni tí oṣù rẹ̀ kò pé, iwájú ni kí a gbé e sí, níbi tí awọ ti kan awọ, tí ọmú sì súnmọ́ ẹnu. Ní ọdún 2022, àjọ náà fi èyí sínú ìlànà rẹ̀, ó sì tún un sọ pé wàrà ìyá ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wá, kí wàrà ìtọrẹ tẹ̀ lé e bí ti ìyá kò bá sí.

Ọ̀rọ̀ tí yóò dé etí ìyá

Bí ìmọ̀ yìí yóò bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí rọ́bà, èdè ni yóò gbé e lọ. Ibẹ̀ ni ewu mẹ́ta wà tí ó kan àwọn olùkọ́ èdè àti atúmọ̀ èdè gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ náà kòkòrò. Nínú ọ̀pọ̀ ìpolongo ìlera, kòkòrò àìfojúrí ni a fi ń túmọ̀ bakitéríà, ọ̀tá sì ni a máa ń pè é. Ìyá tí a bá sọ fún pé wàrà rẹ̀ ń bọ́ kòkòrò nínú ìfun ọmọ yóò wá ọ̀nà láti dá wàrà náà dúró. Ó sàn kí bakitéríà jẹ́ orúkọ gbogbo ẹ̀yà náà, kí kòkòrò àrùn wà fún èyí tí ń ṣeni ní ibi, kí bakitéríà alábòójútó sì wà fún èyí tí ń ṣọ́ ìfun.

Èkejì ni orúkọ wàrà àkọ́sẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àwùjọ lágbàáyé, títí kan àwọn apá kan ní Nàìjíríà, a ti máa ń fún un dànù nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti nítorí pé ó kéré. Bí a bá ń pè é ní omi ọmú, a ti fi orúkọ rẹ́ ẹ jẹ, nítorí pé omi kì í ṣe wàrà. Ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ ni ṣúgà alásopọ̀ ti pọ̀ jù. Orúkọ tí ó bá ní wàrà nínú yóò gbè é.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, òun ni ó kan ewé. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

Ewé lè ṣe wàrà ìyá.

Ṣúgà inú wàrà ìyá wà nínú ewé.

Àwọn onímọ̀ ti fi jíìnì sínú irúgbìn kan kí ewé rẹ̀ lè ṣe díẹ̀ nínú àwọn ṣúgà wàrà ìyá.

Gbólóhùn kìíní fi odidi rọ́pò apá kan. Gbólóhùn kejì sọ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn di ìwà ewé, bí ẹni pé a lè já a lẹ́yìnkùlé. Ní àwùjọ tí ewé ti jẹ́ oògùn, tí àgbo sì ti ń wọ ẹnu ọmọ jòjòló ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀nà kúkúrú ni ó wà láti orí gbólóhùn yìí dé ìdí ìkòkò àgbo. Ọmọ tí ìfun rẹ̀ kò tíì gbó kò lè gba àgbo láìfarapa, kò sì sí ṣúgà alásopọ̀ wàrà nínú rẹ̀. Tábà gan-an lóró. Gbólóhùn kẹta nìkan ni ó ní olùṣe, tí ó ní ohun èlò, tí ó sì ní díẹ̀ nínú. Ó gùn, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ ni ààbò rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwádìí tí a ṣàlàyé níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ láti inú ìgbẹ́ ọmọ tí Tissier yẹ̀ wò, ó gba inú wàrà àti ìfun eku, ó sì dé inú ewé ìbátan tábà. Ohun tí ó kọ́ ni ni pé wàrà ìyá jẹ́ àpapọ̀ tí ìdí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn, àti pé ohun tí kì í dà nínú ọmọ pàápàá kì í ṣe àṣedànù. Ìmọ̀ ewéko lè wá pèsè ẹyọ tí ó kù nínú wàrà àwọn ìyá kan lọ́jọ́ kan. Ìlànà tí ó wà nílẹ̀ lónìí kò yí padà: ọmọ ní àyà, wàrà ìyá nínú rọ́bà títí yóò fi lè fa ọmú, wàrà ìtọrẹ bí ti ìyá kò bá sí, àti àfikún láti ọwọ́ dókítà. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ni láti wá ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ apá kan di odidi, kí nọ́ọ̀sì tí ó dúró ti ìyá ní òru lè rí gbólóhùn tí ó péye sọ fún un.